Ilé Ni À Ń Wò: Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Ìwé Àṣẹ Àwọn Ilé Ìtọ́jú Àjọgbé

Bí ènìyàn bá ti Ìbarà gòkè wá sí Òkè-Ìléwó ní Abẹ́òkúta, ilé báńkì, ọ́fíìsì àti ilé ìtajà ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá pàdé ní etí títì. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ilé gbígbé wà, tí odi gíga yí wọn ká, tí géètì irin sì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Kí á wí pé obìnrin aláàánú kan háyà ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ilé oníyàrá mẹ́fà, ó sì kó ọmọ òrukàn mẹ́ta sínú rẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọmọ mẹ́ta ti di mẹ́rìnlá, nítorí pé ibi tí oúnjẹ bá wà ni ẹni tí ebi ń pa ń wọ́ lọ. Ta ni ó yẹ kí ó mọ̀ pé ọmọ mẹ́rìnlá ń sùn nínú ilé náà? Ta ni ó yẹ kí ó fún obìnrin náà ní àṣẹ? Ta ni ó sì yẹ kí ó máa wọlé lọ wò bóyá àwọn ọmọ náà jẹun, bóyá wọ́n rí ibi sùn, bóyá wọ́n sì ń lọ sí ilé ìwé?

Bí ó bá jẹ́ pé ọmọlanke ni obìnrin yìí rà láti máa fi kó ẹrù ní ọjà Kútọ̀, ìdáhùn kò ní ṣòro. Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún rẹ̀ Kẹrin, sọ ọ́ gbangba pé ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi kékeré, bárò àti ọmọlanke ní ìwé àṣẹ. Bí ó bá jẹ́ pé búrẹ́dì ni ó ń yan, tàbí pé ilé oúnjẹ ni ó dá sílẹ̀, tàbí pé aṣọ ni ó ń bá ènìyàn fọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni òfin ní kí ó máa ṣe àkóso rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ gbé pátákó kan sí iwájú ilé, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé òfin náà fi pátákó sí. Ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ mẹ́rìnlá ń gbé, tí kò sí òbí wọn níbẹ̀, kò sí nínú ohun tí a ní kí ìjọba ìbílẹ̀ fún ní ìwé àṣẹ. Báyìí ni ó fi ṣeé ṣe kí ìjọba tí ó súnmọ́ ilé náà jùlọ mọ iye ọmọlanke tí ó wà ní àdúgbò, kí ó má sì mọ iye ọmọ.

Ohun Tí Ilé Ìtọ́jú Àjọgbé Jẹ́

Ilé ìtọ́jú àjọgbé ni ilé tí àwọn ènìyàn tí kì í ṣe ẹbí kan náà ti ń gbé pọ̀, nítorí pé wọn kò lè dá tọ́jú ara wọn, tí ẹlòmíràn sì gba ìtọ́jú wọn rù, yálà ó ń gba owó ni tàbí ó ń fi ọrẹ àwọn aláàánú ṣe é. Ilé àwọn ọmọ aláìníyàá wà lára rẹ̀. Ilé àwọn arúgbó wà lára rẹ̀, àti ilé àwọn abirùn, àti ilé tí a ń kó àwọn tí àìsàn ọpọlọ tàbí oògùn olóró ń bá jà sí. Irú ilé yìí kì í ṣe ilé ìwòsàn, nítorí kò ní dókítà tí ń gbé ibẹ̀. Kì í sì í ṣe ilé ìwé, nítorí kì í gba ìsinmi kí àwọn ọmọ inú rẹ̀ lọ sí ilé lọ ròyìn fún òbí wọn. Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni ilé rẹ̀.

Láyé àtijọ́, agbo ilé ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn a máa pa òwe yìí bí ẹni pé ìfẹ́ nìkan ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n ojú ni ó ń sọ pẹ̀lú. Igba ènìyàn tí ń tọ́ ọmọ, igba ojú ni. Àlejò kì í sùn sínú agbo ilé kí baálé má gbọ́ sí i. Ẹni tí ó bá ń na ọmọ àgbàtọ́ ní àlùbolẹ̀, àwọn obìnrin ilé yòókù yóò gbọ́ igbe ọmọ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí kò wí pé ìyà kò sí nínú agbo ilé. Ọmọ ìwọ̀fà wà tí ń sin owó tí kò jẹ, ọmọ òrukàn sì wà tí àjẹkù ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà náà kì í fara sin, nítorí pé àgbàlá kan náà ni gbogbo wọn ń lò.

Odi gíga àti géètì irin ni ó yí ọ̀ràn padà. Nínú ilé tí a mọ odi yí ká, ẹni tí ó ń gbé ní apá kejì odi kò mọ ẹni tí ó kú, kò sì mọ ẹni tí a bí. Nítorí náà, ohun tí ìwé àṣẹ wà fún kò ju èyí lọ: láti dá ojú baálé padà sí ilé tí kò ní baálé. Bí ìwé náà kò bá mú ojú kankan wọ inú ilé, bébà lásán ni.

Ohun Tí Òfin Wí

Òfin tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn.

Èkíní ni òfin tí ó kan àwọn ọmọdé. Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní ọdún 2003. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọdé wà lábẹ́ agbára ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó gbọ́dọ̀ gba òfin náà wọlé kí ó tó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006. Òfin yìí kò fẹ́ kí a máa kó ọmọ sí ilé tí a kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fún ìjọba ìpínlẹ̀ ní agbára láti kọ orúkọ ilé bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, láti yẹ̀ ẹ́ wò, àti láti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ bí ó bá ṣe àìtọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ilé àwọn ọmọ aláìníyàá sílẹ̀ ní Òkè-Ìléwó, Òkè-Mosán ni yóò lọ, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí, kì í ṣe Aké, níbi tí ilé iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta wà.

Èkejì ni ohun tí Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè fi lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí a tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 1976, ìwé òfin ti ọdún 1979 to iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ti ọdún 1999 sì tẹ̀ lé e. Nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí, a ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa dá ilé sílẹ̀ fún àwọn aláìní àti àwọn aláìlera, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. Ó ṣe é kíyèsí pé ìlà kan náà ni a kọ ilé yìí sí pẹ̀lú itẹ́ òkú. Iṣẹ́ tí a sì fún wọn ni láti dá ilé tiwọn sílẹ̀. A kò wí pé kí wọ́n máa fún ilé tí ẹlòmíràn dá sílẹ̀ ní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n Àfikún kan náà fi àyè kan sílẹ̀: ó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ lè fi iṣẹ́ mìíràn kún iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àyè yìí ni gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń lépa rọ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn àgbàlagbà. Ní ti àwọn alárùn ọpọlọ, òfin tí ó ti wà láti ọdún 1916, tí a tún ṣe díẹ̀ ní ọdún 1958, ni a ń lò títí di oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí a fọwọ́ sí òfin tuntun nípa ìlera ọpọlọ. Òfin àtijọ́ náà ka aláìsàn sí ẹni tí a ń tì mọ́lé, kò kà á sí ẹni tí a ń tọ́jú.

Nígbà Tí Kò Sí Ojú

Àpẹẹrẹ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú kò wọ inú ilé kò jìnnà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ àwọn ilé kan ní Èkó, wọ́n sì kó aboyún 19 jáde pẹ̀lú ọmọ kéékèèké mẹ́rin. Àwọn ọlọ́pàá ṣàlàyé pé ńṣe ni a kó àwọn obìnrin náà síbẹ̀ kí wọ́n lè bímọ, kí a sì ta ọmọ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ní Ọ̀jọ́ọ̀ ní Ìbàdàn, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde láti inú ilé kan tí a ń pè ní ilé àtúnṣe ìwà: ọkùnrin 191, obìnrin 34, ọmọdé 34. Ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé ẹbí wọn gan-an ni ó mú wọn lọ síbẹ̀, pẹ̀lú èrò pé ìwà wọn yóò tún ṣe.

Ọ̀jọ́ọ̀ kì í ṣe inú igbó. Ọkọ̀ ń kọjá níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ènìyàn 259 kò lè wà ní ibì kan kí wọ́n má jẹun, kí wọ́n má pọnmi, kí wọ́n má ṣàìsàn. Ọlọ́pàá ni ó sì já ilẹ̀kùn, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera. Ibi tí ó bá ti di pé ọlọ́pàá ni ó kọ́kọ́ wọ ilé ìtọ́jú, gbogbo àwọn tí ó yẹ kí wọ́n ti wọlé ṣáájú ni wọ́n ti pẹ́.

Àpẹẹrẹ Rere láti Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Kò yẹ kí a rò pé ìwà ìkà nìkan ni a lè rí kọ́ ẹ̀kọ́ lára. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá fúnra rẹ̀ ti fi irú ilé àjọgbé tí ó dára han gbogbo ayé rí. Ní ọdún 1944 ni a sọ ilé kan tí a ti ń lò fún ẹ̀wọ̀n ní Lántòrò di ibi tí a kó àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú lójú ogun sí. Ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Làmbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn ní Àrò. Kò tì àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká sọ̀rọ̀, kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sí ilé wọn. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan mú ẹbí rẹ̀ kan wá, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ní ọ̀sán, aláìsàn lè bá àwọn ará abúlé ṣe iṣẹ́ oko. Ní alẹ́, ó ń sùn láàárín ènìyàn.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ yìí ni pé ètò náà kò dúró lórí àánú lásán. Ilé ìwòsàn náà mọ ilé tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan wọ̀ sí. Ó bá àwọn ará abúlé pèsè omi tí ó mọ́, ó sì rí sí ìmọ́tótó àyíká. Onílé ń gba owó ilé rẹ̀, nítorí náà ó ní ohun tí yóò pàdánù bí ó bá hùwà àìtọ́. Ẹbí aláìsàn wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀. Àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ òkèèrè wá wò ó, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ohun tí a fi ń dá ilé rere mọ̀ ni èyí: kì í ṣe pé a kò rí ẹnì kan tí ń ṣàìsàn níbẹ̀, bí kò ṣe pé kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí kò ní ẹni tí ń wò ó.

Àwọn Àtakò

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá fi ọ̀ràn yìí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, yóò di ọ̀nà mìíràn tí a óò fi máa gba owó. Ẹ̀rù yìí tọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ ni ó jẹ́ pé owó ni a fi ń rà á, tí kò sì sí ẹni tí ó wá wo ohun tí a tìtorí rẹ̀ san án. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí a má ṣe so ìbẹ̀wò mọ́ owó rárá. Òṣìṣẹ́ tí ó wá bẹ ilé wò kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ń gba owó.

Àwọn mìíràn yóò wí pé bí òfin bá le jù, àwọn aláàánú tí kò ní owó yóò ti ilé wọn pa, àwọn ọmọ yóò sì padà sí abẹ́ afárá. Òtítọ́ ni èyí náà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ilé tí kò ní omi, kí a kọ́kọ́ bá a wá omi; ilé tí kò ní ìwé fún àwọn ọmọ rẹ̀, kí a bá a ṣe ìwé. Ilé tí a bá ti rí ẹ̀wọ̀n, tàbí tí a ti ń ta ọmọ, ni kí a tì ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kẹta, àwọn onílé àdúgbò lè fẹ́ lo òfin láti lé àwọn tí ojú wọn kò fẹ́ rí, pàápàá àwọn alárùn ọpọlọ. Nítorí náà, bí a ṣe ń ṣe àkóso ilé ni kí òfin máa béèrè, kí ó má ṣe béèrè irú ẹni tí ń gbé inú rẹ̀. Àwọn ará abúlé Àrò gba àwọn aláìsàn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn; kò yẹ kí ará ìgboro òde òní wí pé òun kò lè bá wọn gbé àdúgbò kan náà.

Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jùlọ. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ní ilé tirẹ̀, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bá ìṣòro yìí pàdé. Òfin wọn ti ọdún 1989 fi fífún ilé ọmọdé aládàáni ní ìwé àṣẹ sí ọwọ́ ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí sì ní ilé ọmọdé tiwọn pẹ̀lú. Òfin mìíràn ní ọdún 2000 gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ wọn, ó fi lé àjọ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́wọ́, ó sì mú ilé ti ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ náà wá sí abẹ́ àyẹ̀wò kan náà. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Ṣe

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní agbára láti fúnni ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lè wọ inú gbogbo ilé tí ó wà láti Abẹ́òkúta dé Ìjẹ̀bú-Òde, dé Ìlaròó, dé Ṣágámù. Ìjọba ìbílẹ̀ súnmọ́ ilé, ṣùgbọ́n a kò gbé agbára lé e lọ́wọ́. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lo àyè tí Ìwé Òfin fi sílẹ̀: kí ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, kí ìbẹ̀wò wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ìpínlẹ̀ ni yóò máa bẹ ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ bá dá sílẹ̀ wò.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn olùkọ́ àgbà kò gbàgbé wolé-wolé, tí ń tú ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, tí gbogbo ilé sì ń gbálẹ̀ dè. Ẹni tí ó lè wọlé nítorí ẹ̀fọn, ó lè wọlé nítorí ọmọ ènìyàn. Kí wolé-wolé àti òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà jọ máa lọ, láìsọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ka iye ẹni tí ó wà nínú ilé, kí wọ́n wo ibùsùn, omi, ilé ìgbẹ́ àti ọ̀nà tí a lè gbà jáde bí iná bá sọ. Kí wọ́n béèrè ìwé tí ó fi hàn ẹni tí ó mú olúkúlùkù wá àti ọjọ́ tí ó dé. Kí wọ́n béèrè ẹni tí ó lọ, ibi tí ó lọ, àti ẹni tí ó kú. Lékè gbogbo rẹ̀, kí wọ́n bá àwọn tí ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi tí onílé kò ti ní gbọ́. Àwáwí pé owó kò sí kò lágbára mọ́ bí ti àtijọ́, nítorí pé ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà.

Àwọn olùkọ́ ní ipa tiwọn pẹ̀lú. Ọmọ tí ń gbé ilé àjọgbé, ilé ìwé ni ibi kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń rí àgbàlagbà mìíràn lójoojúmọ́. Olùkọ́ tí ó bá ṣàkíyèsí pé ọmọ mẹ́ta láti ilé kan náà kò wá mọ́, tí kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí wọ́n lọ, ó ti rí ohun tí wolé-wolé lè máà rí. Kí ó má ṣe fa igi lé orúkọ wọn nínú ìwé ìpè kí ó sì dákẹ́. Kí ó lọ béèrè wọn.

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Obìnrin aláàánú Òkè-Ìléwó àti àwọn ọmọ mẹ́rìnlá rẹ̀ kò ní ohunkóhun láti bẹ̀rù nínú kí a wo ilé wọn. Bí ó bá ń ṣe dáadáa, ìbẹ̀wò yóò bá a wá olùrànlọ́wọ́. Bí kò bá sì ṣe dáadáa, àwọn ọmọ náà kò ní láti dúró de ọjọ́ tí ọlọ́pàá yóò já ilẹ̀kùn.